Eyes Wide Shut: ṣé òótọ́ ni Ziegler sọ nídìí tábìlì pupa yẹn?

Àlàó_Aríran
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tí ẹ ń fojú inú wo fíìmù. Eyes Wide Shut tí Stanley Kubrick ṣe, tó jáde ní oṣù Keje ọdún 1999, ni mo gbé wá síwájú yín. Kí ẹni tí kò tíì wò ó má baà sọnù láàárín wa, bó ṣe lọ rèé. Bill Harford, dókítà olówó ní New York, àti Alice ìyàwó rẹ̀ lọ sí àsè Kérésì nílé Victor Ziegler. Alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n mu igbó, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, Alice sì jẹ́wọ́ pé nígbà tí àwọn lọ sinmi ní Cape Cod, òun rí ọ̀gá sójà ojú omi kan ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ojú lásán ló fi wo òun, ṣùgbọ́n ká ní ó pe òun ni, òun ìbá fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bill gbé owú yẹn jáde sínú òru, ó rìn ín títí tó fi dé ilé ńlá kan tó ń jẹ́ Somerton, níbi tí àwọn olówó ti wọ ìbòjú, tí wọ́n ń bá obìnrin lò pọ̀ ní gbangba. Wọ́n ká a mọ́. Obìnrin kan tó wọ ìbòjú ní òun yóò gba ìyà rẹ̀ jẹ. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó kà á nínú ìwé ìròyìn pé oògùn olóró ti gbé Mandy, obìnrin kan tó ti tọ́jú nílé Ziegler lálẹ́ àsè, dè ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó sì kú.

Ní ìparí, Ziegler pe Bill sí yàrá bíliádì rẹ̀, ó ní òun náà wà ní Somerton, eré ni gbogbo ohun tó rí lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni, àti pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni Mandy fi pa ara rẹ̀. Ṣé ẹ gbà á gbọ́? Ẹ̀rí ni mo ń béèrè o.

Ìyá_Àwòtúnwò
Àlàó, jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn sí wẹ́wẹ́. Ká ya èyí tí ojú wa rí sọ́tọ̀, ká ya èyí tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìkan sọ́tọ̀.

Bí wọ́n ṣe dá Bill mọ̀, mo gbà á. Ó ní takisí ló gbé e wá síbi tí ẹlòmíràn ti ń gun ọkọ̀ limousine wá, àti pé wọ́n bá rìsíìtì aṣọ tó háyà nínú àpò kóòtù rẹ̀. Takisí yẹn, a rí i lẹ́nu géètì. Bill fa owó ọgọ́rùn-ún dọ́là ya sí méjì, ó fún dẹ́rẹ́bà ní ìlàjì kan kó lè dúró dè é. Ọ̀rọ̀ ìwọlé kejì tí wọ́n bi Bill, Ziegler ní kò sí rárá, pańpẹ́ ni. Ìyẹn náà bá ohun tí a rí mu, torí "Fidelio", ọ̀rọ̀ ìwọlé àkọ́kọ́, ló gbé e kọjá géètì àti ẹnu ọ̀nà láìsí wàhálà.

Ibi tí ara ti ń fu mí ni ọ̀rọ̀ Nick, ọ̀rẹ́ Bill tó ń tẹ dùùrù, tó fi ọ̀rọ̀ ìwọlé hàn án. Akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì ti sọ fún Bill pé ojú Nick ti dápàá, ẹ̀rù ń bà á, àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n méjì ló mú un jáde láàárọ̀, ó sì fẹ́ fi àpòòwé kan sílẹ̀, wọ́n já a gbà. Ziegler ní wọ́n kàn fi sínú bààlú lọ bá ìyàwó rẹ̀ ní Seattle ni. Ó gbà pé ojú rẹ̀ dápàá. Kò mẹ́nu kan àpòòwé.

Ti Mandy wá ńkọ́? Ìwé ìròyìn tí Bill kà ní ọkùnrin méjì ló sìn ín dé hòtẹ́ẹ̀lì ní aago mẹ́rin òru. Ziegler ní wọ́n mú un délé, ara rẹ̀ le, inú ni ilẹ̀kùn ti tì, ọlọ́pàá sì ti pa fáìlì dé. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò ta kora, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí a rí tó wà nínú yàrá náà. Ẹ má sì gbàgbé pé lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, Ziegler yìí kan náà ló ránṣẹ́ pe Bill sókè nígbà tí heroin àti cocaine dá Mandy dùbúlẹ̀ nínú balùwẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gba àlejò nísàlẹ̀, òun ń wọ ṣòkòtò rẹ̀ padà lókè, ó ń bẹ Bill kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde. Ẹni tó ń ṣàlàyé fún wa ní ìparí ni a ti rí tó ń bo àṣírí ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn.

Akékọ̀ọ́_Eré
Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. Ziegler ní Mandy ni obìnrin tó wọ ìbòjú ní Somerton. Nínú orúkọ àwọn òṣèré tó ń sáré lọ lẹ́yìn fíìmù, ènìyàn méjì ni. Julienne Davis ni Mandy, Abigail Good ni obìnrin àdììtú. Ara méjì, ohùn méjì. Ẹni tó bá fi ara obìnrin inú balùwẹ̀ wé ti Somerton yóò rí i pé wọn kò bára mu. Ẹlòmíràn lè ní bóyá ọwọ́ òṣèré kan ni kò tó ni wọ́n fi lo méjì. Ṣùgbọ́n olùdarí tó bá fẹ́ kí ó dá wa lójú pé ẹnì kan ni, òṣèré kan náà ni yóò lò nínú ìran méjèèjì.

Ìwé_Ò_Parọ́
Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sí orísun rẹ̀. Ìwé ìtàn Traumnovelle ti Arthur Schnitzler, ọmọ Vienna, ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Dókítà ni Schnitzler fúnra rẹ̀ kó tó gbájú mọ́ ìwé kíkọ. Ìtàn náà kọ́kọ́ jáde ní abala abala nínú ìwé ìròyìn Die Dame, ó sì di odidi ìwé ní 1926. Fridolin ni ọkọ, Albertine ni ìyàwó. Kubrick àti Frederic Raphael ló jọ sọ ọ́ di eré, wọ́n sì gbé e kúrò ní Vienna àsìkò kànáfà (carnival, àjọyọ̀ tí wọ́n ń wọ ìbòjú) wá sí New York àsìkò Kérésì.

Ohun tó kan ìbéèrè Àlàó ni pé kò sí Ziegler nínú ìwé. Kò sí ẹnikẹ́ni tó pe Fridolin jókòó ṣàlàyé fún un. Ó lọ wo òkú obìnrin kan tó jẹ májèlé ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó dúró tì í, kò mọ̀ bóyá òun náà ni, ó sì padà sílé. Fíìmù ló dá aláàlàyé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní Kubrick fi Ziegler síbẹ̀ kí ìtàn lè yé wa, mo bẹ̀ ẹ́, kó tún un rò. Kubrick mú àdììtú tí kò ní ìtumọ̀, ó wá fún un ní ìtumọ̀ láti ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ náà lè kó bá.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìwọlé. Nínú ìwé, "Denmark" ni. Ní Denmark gan-an ni Albertine ti rí ọ̀gá sójà tó wù ú. Géètì ilé yẹn ń ṣí pẹ̀lú orúkọ ibi tí ọgbẹ́ Fridolin ti wá. Nínú fíìmù, ó di Fidelio, orúkọ opẹ́rà kan ṣoṣo tí Beethoven kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna ní 1805. Ìyàwó ni akọni ibẹ̀. Leonore wọ aṣọ ọkùnrin, ó sọ ara rẹ̀ ní Fidelio, ó wọ inú ẹ̀wọ̀n lọ gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bill pe orúkọ ìyàwó olóòótọ́ kó lè wọlé síbi tó fẹ́ dalẹ̀ ìyàwó tirẹ̀. Nígbà tí ìyọnu dé, obìnrin tó fi ẹ̀dá mìíràn bojú ló wá gbà á sílẹ̀. Mo fẹ́ràn ti ìwé, torí ó gún ni lọ́kàn jù, ṣùgbọ́n ti fíìmù jinlẹ̀ jù ú lọ.

Gílóòbù_Pupa
Ẹ̀rí tí ẹ ń wá lẹ́nu àwọn ènìyàn inú fíìmù, ẹ wá a lára iná náà.

Larry Smith ló ya á. Ó ti bá Kubrick ṣiṣẹ́ iná nígbà Barry Lyndon, fíìmù rẹ̀ mìíràn, nígbà tí wọ́n ń fi àbẹ́là ya ìran alẹ́. Níbí, wọ́n mú fíìmù Kodak tí agbára rẹ̀ láti gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́ 500, wọ́n sì lò ó bíi pé 2000 ni. Iṣẹ́ náà lọ báyìí: ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ni wọ́n jẹ́ kó wọ kámẹ́rà, tí wọ́n bá wá dé ilé ìfọ̀wòrán, wọn á jẹ́ kó pẹ́ sí i nínú omi kẹ́míkà kí àwòrán tó rẹlẹ̀ lè jáde. Ohun tí èyí ń bí kò lónkà. Àwọ̀ á ki. Hóró á máa hàn lójú àwòrán bí iyanrìn tín-ín-rín. Gílóòbù kékeré ara igi Kérésì á tóbi jù bó ṣe yẹ, á ní ìmọ́lẹ̀ rokoṣo yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ilé Ziegler fi dà bí inú oyin.

Wọ́n wá jẹ́ kí iná inú ilé máa pọ́n bí ọsàn, tí ojú fèrèsé sì búlúù kíkankíkan. Nígbà tí Alice ń jẹ́wọ́, ẹ wò ó dáadáa: búlúù wà lẹ́yìn rẹ̀, ọsàn wà lára rẹ̀. Tí Bill bá délé lóru tó bá a tó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun, búlúù ti gba gbogbo yàrá.

Igi Kérésì tún wà ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tí Bill ń wọ̀: ilé rẹ̀, ilé Ziegler, ilé Domino aṣẹ́wó, ilé kọfí. Somerton kò ní. Ibẹ̀ nìkan ni wọn kò ti ń díbọ́n pé ọdún ń lọ.

Tèmi_Ni_Kámẹ́rà
Ọ̀gá Gílóòbù, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹni tó ń ṣe fíìmù nílé lọ́dọ̀ wa níbí bá fẹ́ irú iná yẹn láìsí owó ńlá ńkọ́?

Gílóòbù_Pupa
Ó ṣeé ṣe. K ni òǹkà àwọ̀ iná: tó bá kéré, iná á pọ́n, tó bá ga, á búlúù. Gílóòbù 2700K ni kí o fi sí gbogbo àtùpà tó máa hàn, kí o fi kámẹ́rà sí 3200K, kí o gbé LED 5600K síta fèrèsé. Ọsàn àti búlúù á ya ara wọn láìjẹ́ pé o fi kọ̀ǹpútà kun ún lẹ́yìn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n gbọ́ pé Kubrick ya á ní òkùnkùn, àwọn náà á ya ti kámẹ́rà ìgbàlódé ní òkùnkùn, wọn á wá máa fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sókè lórí kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà wọ̀nyí kì í ṣe fíìmù. Ibi dúdú á kún fún àbàwọ́n. Gbé ISO, òǹkà bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ sí, sókè dé ibi tí kámẹ́rà rẹ lè gbà dé, ṣí lẹ́ńsì dé f/2 (bí òǹkà f bá ṣe kéré sí ni ihò lẹ́ńsì ń gbòòrò sí), kí o sì ya á bó ṣe yẹ kó rí. Tí o bá ṣí i dé f/1.4, ẹni tó ń wo fókọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú, torí àwòrán òṣèré tó bá fi orí sún síwájú díẹ̀ á ti ṣú bàìbàì.

Iná ẹ̀yìn nìkan á sọ ojú òṣèré di èédú. Gbé àtùpà bébà funfun kan kọ́ sítòsí ojú rẹ̀, níbi tí kámẹ́rà kò dé, kí o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tó fi kù díẹ̀ kó kú.

Èyí tó kàn ni jẹnẹrétọ̀. Iná ìjọba wa ń gbọ̀n ní 50 Hz, nítorí náà ya àwòrán 25 fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kí o fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń lajú pẹ́ tó fún àwòrán kan, sí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sí 50. Tí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀ ó ń rẹlẹ̀, iná Kérésì olówó pọ́ọ́kú á sì máa fa ìlà dúdú kọjá lójú àwòrán. O kò ní rí i lójú lásán. Lo iná tó ń lo bátìrì, tàbí gílóòbù onírin àtijọ́, torí irin rẹ̀ gbóná, kì í tètè kú láàárín ìgbọ̀n méjì iná. Ya ìṣẹ́jú kan dánwò, wò ó lórí ẹ̀rọ ńlá, kí àwọn òṣèré tó dé.

Òkè_Odò
Ẹni tó bá ní New York inú fíìmù yẹn rí bí ìlú ayédèrú, òótọ́ ló rí. Pinewood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ́ àwọn òpópónà Greenwich Village sí. Kubrick rán ènìyàn lọ wọn fífẹ̀ òpópónà gidi. Ìta Somerton, Mentmore Towers ni. Púpọ̀ nínú inú rẹ̀, Elveden Hall ní Suffolk. Ilé ìtajà ohun ìṣeré ọmọdé tí ìtàn parí sí, Hamleys ní London ni. Ní àwọn ibì kan tí Bill ń rìn lóru, orí ẹ̀rọ ìrìn ló wà, wọ́n ń fi àwòrán New York hàn lára aṣọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń gbẹ́sẹ̀, kò kúrò lójú kan. Fún ọkùnrin tí owú ń lé kiri, mi ò rí àwòrán tó bá a mu tó ìyẹn.

Etí_Dùùrù
Dùùrù tó ń dún kò, kò, kò nígbà tí wọ́n ń dá Bill lẹ́jọ́ ní Somerton, apá kejì Musica ricercata ti György Ligeti ni, tó kọ láàárín 1951 sí 1953. Ohùn mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ sún mọ́ra gan-an, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀ bí ẹni tó ń rìn yíká yàrá. Ẹ̀kẹta, G, á wá já lé wọn lórí bí òòlù, á máa yára títí. Ligeti fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀bẹ lòun fi G yẹn gún Stalin láyà. Ẹ tẹ́tí sí ibi tí Kubrick ti tún un lò: nígbà tí ọkùnrin kan ń tọ Bill lẹ́yìn lójú títì, àti nígbà tó délé tó bá ìbòjú lórí ìrọ̀rí.

Orin tí wọ́n ń kọ nínú ààtò Somerton, Jocelyn Pook ló ṣe é. Ààtò ìsìn ìjọ Orthodox ti Ròmáníà ni, wọ́n wá lù ú sẹ́yìn. Orin mìíràn níbẹ̀ ní ẹsẹ Bhagavad Gita nínú. Àwọn Híńdù bínú sí i gan-an, wọ́n sì yọ ọ́ nínú ẹ̀dà tó jáde lẹ́yìn.

Ajé_Ṣẹ̀rí
Mo gbọ́ pé wọ́n gé ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kúrò nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí Kubrick kú, torí ó tú àṣírí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Ìwé_Ò_Parọ́
Kò sí ẹ̀rí kankan fún ìyẹn, arákùnrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta 1999, Tom Cruise tó ṣe Bill, Nicole Kidman tó ṣe Alice àti àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Warner ti wo fíìmù náà ní New York bí Kubrick ṣe tò ó. Kubrick kú ní ọjọ́ 7 oṣù yẹn, ẹni ọdún 70. Ohun tó ṣẹ́ kù jẹ́ iṣẹ́ ìparí, pàápàá pípo ohùn. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ló parí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe sí àwòrán, gbangba ni wọ́n ṣe é: kí àwọn aláṣẹ ìdíyelé ní Amẹ́ríkà má baà fún un ní NC-17, àmì pé ọmọdé kò gbọdọ̀ wò ó, wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya àwọn tó wọ agbádá dúdú, wọ́n gbé wọn dúró síwájú àwọn tó ń bára wọn lò pọ̀, fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 65. Yúróòpù rí i láìbò. Ní Amẹ́ríkà, ó di 2007 kí DVD tí kò ní ìbòrí tó jáde. Ẹ̀dà yẹn ni kí o wò. Ìbòrí yẹn ba ìran náà jẹ́, torí ojú Bill tí kò lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ìran yẹn wà fún.

Ọmọ_Alágbàáà
Mo ti rí àwọn tó ń fi ìbòjú Somerton wé eégún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọ ẹ̀kú, ará ọ̀run ló dà. A kì í bi í léèrè orúkọ tó ń jẹ́ nílé. Ìbòjú Venice ni ti Somerton, ti kànáfà. Kò sí ẹni tó di ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀, olówó tó wọlé ni olówó tó jáde. Ìtìjú ló ń bò. Ìdí tí ó fi jẹ́ ìyà nìyẹn nígbà tí wọ́n ní kí Bill ṣí tirẹ̀.

Ìyá_Àwòtúnwò
Ẹ ṣeun. Mo fẹ́ dá wa padà síbi owú, torí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Alice nù.

Tí àwa bá ń sọ̀rọ̀ owú, orogún ló máa ń wà nínú rẹ̀, ẹnì kan tó ń jẹ nínú àwo ẹni. Owú Bill kò ní orogún. Ọ̀gá sójà yẹn kò fọwọ́ kan Alice. Kubrick wá jẹ́ kí a rí ohun tí Bill ń rí lọ́kàn, àwòrán dúdú-àti-funfun ti Alice àti ọkùnrin náà. Ó ń padà wá nínú takisí, ó ń bá a dé ọ́fíìsì, ní ìgbàkígbà tó bá sì padà, wọ́n ti jìnnà sí i nínú ohun tí wọ́n ń ṣe. Bill fúnra rẹ̀ ló ń ya fíìmù yẹn.

Gbogbo ilẹ̀kùn tó ṣí fún un lóru, owó àti káàdì dókítà ló fi ṣí i. Ó fún Domino ní 150 dọ́là láìṣe nǹkan kan. Ó fún Milich tó ń háyà aṣọ ní 200 lórí iye owó tó dá lé e. Ó ń na káàdì dókítà sí gbogbo ẹni tó bá pàdé bíi pé ọlọ́pàá ni. Alice, orí ibùsùn ló jókòó sí, kò náwó kankan, àlá tirẹ̀ sì jìnnà ju gbogbo ìrìn Bill lọ: ó wà láàárín ọkùnrin púpọ̀, ó mọ̀ pé ọkọ òun ń wo òun, ó sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni Bill bá nílé nígbà tó ti Somerton dé. Tí ẹ bá bi mí pé ibo ni àdììtú fíìmù yìí wà, ibẹ̀ ni mo máa tọ́ka sí, n kò ní tọ́ka sí yàrá Ziegler.

Àlàó_Aríran
Màmá, ẹ ti yí ojú ìwò mi padà. Ó ku ọ̀kan. Bill tọ́jú àpò aṣọ náà nílé lóru. Nígbà tó dá a padà, Milich gba 25 dọ́là lé e torí ìbòjú kò sí nínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló bá a lórí ìrọ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alice tó ń sùn. Ta ló gbé e síbẹ̀?

Ìwé_Ò_Parọ́
Nínú ìwé, Albertine ni. Ó rí i níbi tó já bọ́ sí, ó sì tẹ́ ẹ sí ipò ọkọ rẹ̀ kó lè mọ̀ pé òun ti mọ̀. Fíìmù kò fi ọwọ́ ẹnikẹ́ni hàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tí Bill ṣe nígbà tó rí i: kò sáré lọ wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnì kan wọlé. Ó bọ́ sórí ibùsùn, ó bú sẹ́kún, ó ní òun yóò sọ gbogbo rẹ̀.